Ìlera tí kì í kọjá bọ́dà: àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú

Obìnrin tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ti ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, nílùú Abẹ́òkúta, kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, àmọ́ kí n má dárúkọ òun, kí n má sì dárúkọ ilé ìwòsàn kankan, torí ó ṣì ń lọ gba ìtọ́jú níbẹ̀. Màmá Aláàdìrẹ ni n ó máa pè é. Ó ti lé díẹ̀ ní ọgọ́ta ọdún. Ìdí ìkòkò aró ni rọpárọsẹ̀ ti kọlù ú, tí apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún ò ṣeé gbé mọ́. Àwọn tó ń wá kí i ń sọ pé ayé ló ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló ṣe é, ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ti rí, tí wọ́n ti kápá rẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kó tó bọ́. Bó ṣe bọ́ ni mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ níbí, torí ọ̀nà tó gbà bọ́ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo.

Ó pẹ́ tí Màmá ti ń kó kámpálà lọ sí Gánà. Wọ́n á di ẹrù ní Ìtòkú, ọkọ̀ á gbé wọn dé Èkó, láti Èkó dé Sẹ̀mẹ̀, Kútọnu, Lomé, wọ́n á la Aflao kọjá, ó di Accra. Ọjà Makola ló ń kó o lọ. Nígbà tó yá, ó gba yàrá síbẹ̀, ó sì di pé Gánà ló ń gbé, tó jẹ́ pé ọdún àti ìnáwó ló ń gbé e wálé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bá a lọ ti lọ́kọ, ó ti bímọ síbẹ̀. Àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fọwọ́ sí ní 1979 ló fún wa láyè láti wọ ilẹ̀ ara wa láì gba físà fún 90 ọjọ́, àwọn àfikún tó tẹ̀ lé e sì wá fàyè sílẹ̀ fún gbígbé àti òwò ṣíṣe. Àwọn ìyá wa ò dúró de àdéhùn kankan kí wọ́n tó máa ná Gánà, ṣùgbọ́n ó sọ wọ́n di ẹni tí òfin mọ̀.

Orí fífọ́ ló gbé e dé ilé ìwòsàn kékeré kan nítòsí ilé rẹ̀ ní Accra. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n bá a níbi tí kò yẹ kó wà. Obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé ilé bi í pé ṣé kò ní káàdì ni. Ó lọ forúkọ sílẹ̀ nínú ètò adójútòfò ìlera Gánà gẹ́gẹ́ bí olùgbé ìlú, ó sanwó ọdún, wọ́n yà á ní fọ́tò. Láti ìgbà náà, ọdọọdún ló ń tún un ṣe, tó sì ń lọ gba oògùn rẹ̀ láì san kọ́bọ̀ nídìí kántà.

Ìwé kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò. Ìwé àkọsílẹ̀ aláìsàn ni, irú èyí tí nọ́ọ̀sì ń kọ nǹkan sí ní gbogbo ìgbà téèyàn bá wá. Aró ti kun etí rẹ̀. Nínú rẹ̀, ọjọ́ wà lápá òsì, ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ wà láàárín, orúkọ oògùn wà lápá ọ̀tún. Ìlà àkọ́kọ́ kà pé 188/112. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ń rẹlẹ̀ bọ̀: 164/100, 150/92, 138/84. Ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé, nọ́mbà òkè dúró síbi 130 sí 140, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn nọ́ọ̀sì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, oògùn méjì kan náà, amlodipine àti lisinopril. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ wa á mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn. Kò sí iṣẹ́ abẹ níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá. Ẹnì kan ṣáà ń wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ń fún un ní oògùn, ó ń sọ fún un pé kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé yẹn ṣófo. Ìlà tó kàn nínú rẹ̀, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti kọ ọ́: 214/122.

Ọdún 2022 ni Màmá padà wálé. Cedi, owó Gánà, já wálẹ̀ gan-an lọ́dún náà, ọjà kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì papò dà níbí, kò sì sí ẹlòmíì tó máa dúró ti ilé. Ó kó oògùn oṣù díẹ̀ dání. Nígbà tó tán, ó wá bá wa ní ilé ìwòsàn alábọ́dé. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò burú púpọ̀ nígbà náà, mo kọ oògùn kan náà fún un sórí pépà. Ó na ọwọ́. Mo ní kí wọ́n lọ rà á ní fámásì.

Ó ní, “Nọ́ọ̀sì mi, ta ló máa sanwó ẹ̀?”

Mo ní, “Ẹ̀yin ni, Màmá.”

Ó wo pépà náà títí. Ó ní, “Bí mo bá wá dé tí n ò lówó lọ́wọ́ ńkọ́?” N ò rí èsì fún un. Ìbéèrè yẹn gan-an ni gbogbo ìjọba tó wà láti Dakar dé Abuja ń dáhùn lọ́nà tiwọn, kálukú pẹ̀lú agbára rẹ̀, èmi nìyí tí n kò rí nǹkan kan fi dá obìnrin kan lóhùn nínú yàrá ìwọ̀n-ẹ̀jẹ̀.

Ó rà á fún ìgbà díẹ̀. Ní àárín 2023, ìjọba fi náírà sílẹ̀ fún ọjà láti sọ iye rẹ̀, oògùn tó ń ti òkè òkun wá sì fò lọ sókè. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é la mọ̀: Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í dá hóró oògùn sí méjì. Lẹ́yìn náà, ó di ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ó di ìgbà tí orí bá fọ́ ọ. Ó fi àgbo kún un. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í fọ́ èèyàn lórí ní gbogbo ìgbà. Ó lè dákẹ́ rọ́rọ́ kó máa ba iṣan jẹ́. Ẹni tó bá ń fi orí fífọ́ mọ ìgbà tó yẹ kó lo oògùn ti fi ẹ̀mí ara rẹ̀ sínú ewu, kò sì mọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, ó ń yọ aṣọ nínú aró. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ sọ fún mi pé aṣọ kàn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ó tún un mú, ó tún bọ́. Ẹnu rẹ̀ yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Wọ́n rò pé òórùn kọ́síkì sódà ló gbá a lójú, wọ́n gbé e síta kó gba atẹ́gùn, wọ́n bu omi sí i lórí, wọ́n gbàdúrà. Ilé ìwòsàn aládàáni tó wà nítòsí ní àwọn ò lè gbà á. Èkejì ní kí wọ́n kọ́kọ́ san dípọ́sìtì. Ibi tí wọ́n ti ń wá dípọ́sìtì kiri ni ọ̀sán ti pọ́n. Nígbà tí wọ́n rí i san, wọ́n tún ní kí wọ́n gbé e lọ síbòmíì lọ yàwòrán ọpọlọ, owó ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bí rọpárọsẹ̀ náà bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ tó dì nínú ọpọlọ, oògùn wà tó lè tú u, àmọ́ láàárín wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún un, lẹ́yìn tí àwòrán bá ti fi hàn pé kì í ṣe iṣan ló bẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ni Màmá tó rí bẹ́ẹ̀dì. Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ dárúkọ oògùn yẹn mọ́.

Wọ́n ta ẹrù aṣọ tó ti dì fún ọjà. Wọ́n kó àjọ tí kò tíì kàn án. Ọmọ rẹ̀ fi owó ránṣẹ́ láti Accra, ó sì pè mí lálẹ́, ó ń sunkún, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká gbé e wá síbí ni?” Mo ní kó wo bọ́dà tó wà lójú ọ̀nà àti wákàtí tó wà nínú rẹ̀. Káàdì ìyá rẹ̀ sì ti kú, nítorí ọdọọdún ni wọ́n ń tún un ṣe, olùgbé Gánà nìkan ló sì wà fún. Bó bá tiẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, kò sí dókítà kan ní Abẹ́òkúta tó lè fi í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun kan ń dùn mí gan-an nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ̀ tó ń gbé Màmá lọ sí Accra ní ìwé adójútòfò tó ń ríran kọjá bọ́dà. Ní May 1982, ní Kútọnu, àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS fọwọ́ sí àdéhùn káàdì aláwọ̀ búráùn tí wọ́n ń pè ní Brown Card. Bí mọ́tò tó ní in láti Nàìjíríà bá gbá ẹnì kan ní Lomé tàbí ní Accra, ètò wà nílẹ̀ tó máa san owó gbà-máà-bínú fún ẹni tí mọ́tò náà gbá, ilé iṣẹ́ adójútòfò tó wà nílé á sì san án padà. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìṣirò owó láàárín náírà, cedi àti sẹ́fà kò dí wọn lọ́wọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kò dí wọn lọ́wọ́. Mọ́tò ní in, obìnrin tó jókòó sínú mọ́tò náà kò ní in.

Kì í sì í ṣe pé kò ṣeé ṣe fún èèyàn. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, káàdì kan ti wà láti 2004. Lónìí, ọmọ Bulgaria, ọ̀kan lára àwọn tí owó wọn kéré jù nínú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, lè mú un dání lọ sí Jámánì. Bí àìsàn òjijì bá mú un níbẹ̀, wọ́n á tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọmọ ìlú tó wà nínú ètò, Bulgaria ló máa wá san owó náà fún Jámánì. Olówó àti tálákà ló wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, gẹ́gẹ́ bíi tiwa. Àwa náà ní àjọ ìlera tiwa fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àdéhùn tó dá a sílẹ̀ ti wà láti 1987, Bobo-Dioulasso ni wọ́n fi ìjókòó rẹ̀ sí. Ó ń ṣe iṣẹ́ gidi lórí àjàkálẹ̀ àrùn, torí àrùn tó ń ràn kì í bọ̀wọ̀ fún bọ́dà. Nàìjíríà rí i ní 2014 nígbà tí Ebola bá ọkọ̀ òfuurufú wọ Èkó láti Liberia. Àwa ará Ògùn náà rí i ní February 2020, nígbà tí ọmọ Italy tó kọ́kọ́ gbé kòrónà wọ Nàìjíríà gba Èkó dé Ewékorò, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta níbí. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ràn, nítorí náà kò sí ìjọba tó ń sáré nítorí rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní Gánà lówó jù wá lọ ni. Ẹ jẹ́ ká wo ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Òfin adójútòfò ìlera wọn jáde ní 2003. Lọ́dún náà, Gánà wà lábẹ́ ètò ìdáríjì gbèsè tó wà fún àwọn orílẹ̀-èdè tálákà tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn. Wọn ò tíì parí rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi ìdá 2.5 nínú 100 lé orí ọjà, wọ́n fi ìdá díẹ̀ láti inú owó ìfẹ̀yìntì àwọn òṣìṣẹ́ kún un, àwọn tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ oṣù sì ń san owó ọdún. Ẹni tó ra ọṣẹ ní Makola ti dá owó sí i. Torí náà, ìyá ọlọ́jà wà nínú ètò náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Àwa, lọ́dún 2005, wọ́n dárí gbèsè bíi bílíọ̀nù 18 dọ́là jì wá, epo sì ń tà. Ọdún yẹn gan-an ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ adójútòfò ìlera tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Orí owó oṣù ni wọ́n gbé e lé. Ta ló ń gba owó oṣù ní Ìtòkú? Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín, lójú tèmi. Títí di 2022 kí òfin tuntun tó sọ ọ́ di dandan fún gbogbo ará ìlú, kò sí òfin ìjọba àpapọ̀ tó fi dandan lé e pé kí ìyá aláàdìrẹ wà nínú ètò náà. Títí di òní, àwọn tó wà nínú ètò náà kò ju nǹkan bíi ẹnì kan nínú mẹ́wàá lọ, nígbà tó sì jẹ́ pé nínú 100 náírà tí a ń ná lórí ìlera ní Nàìjíríà, ó lé ní 70 tó ń ti àpò aláìsàn jáde. Ní Gánà, kò tó 40.

Ètò adójútòfò ìlera kò yàtọ̀ sí èsúsú, àyàfi pé ẹni tí àìsàn bá kọ́kọ́ mú ló máa kọ́kọ́ kó o. Kò sí obìnrin kan ní Ìtòkú tí èsúsú ṣàjèjì sí. Ohun tí wọn ò ní ni ẹni tó máa gba owó náà ní ìgbà tí owó bá wà lọ́wọ́ wọn, tó sì máa sanwó fún fámásì ní ìgbà tí kò bá sí.

N ò sọ pé Gánà ti di ọ̀run. Ọmọ Màmá sọ fún mi pé nígbà mìíràn wọ́n á ní oògùn ti tán, kí ó lọ rà á níta. Ìjọba wọn máa ń jẹ ilé ìwòsàn lówó fún oṣù púpọ̀, fún ọdún mélòó kan ni òfin sì fàyè gbà á pé kí wọ́n má kó gbogbo owó ìlera náà sínú àpò ìlera. Àwọn aládùúgbò wa yòókù gba ọ̀nà mìíràn. Niger sọ ìtọ́jú ọmọdé tí kò tíì pé ọdún márùn-ún di ọ̀fẹ́ ní 2006. Benin sọ iṣẹ́ abẹ ìbímọ di ọ̀fẹ́ ní 2009. Sierra Leone ṣe ti aláboyún àti ọmọdé ní 2010, Burkina Faso ní 2016. Tálákà ni gbogbo wọn. Ètò tó dára ni, àmọ́ àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru kò sí nínú rẹ̀, bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe àìsàn ilẹ̀ wa. Erékùṣù Cabo Verde nìkan ló yàtọ̀ gédégbé: nínú ìṣirò àjọ àgbáyé fún 2020, ìyá 42 ló ń kú nínú 100,000 ọmọ tí wọ́n ń bí níbẹ̀, nígbà tí tiwa jẹ́ 1,047 àti ti Gánà 263. Inú ECOWAS kan náà ni wọ́n wà.

Abẹ́òkúta kọ́ ló yẹ kó kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìlú yìí ni wọ́n dá ilé ìwòsàn Sacred Heart ní Lántorò sílẹ̀ sí ní 1895, òun ni wọ́n sì kà sí èyí tó pẹ́ jù ní Nàìjíríà. Ní Arọ̀, nílùú yìí kan náà, láti 1954, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, fi aláìsàn ọpọlọ sáàárín àwọn ará abúlé àti ẹbí wọn, gbogbo ayé sì wá kọ́ ọ níbẹ̀. Ọmọ Ẹ̀gbá ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti tó jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, ẹni tó ní ìtọ́jú gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà nítòsí èèyàn. Mo ń ṣiṣẹ́ nínú irú ilé ìwòsàn tó ń sọ. Ilé náà wà, èmi náà wà, ẹ̀rọ ìwọ̀n-ẹ̀jẹ̀ wà. Owó tó yẹ kó so mí pọ̀ mọ́ oògùn ni kò sí. Ní April 2001, àwọn olórí Áfíríkà jókòó ní Abuja, wọ́n ṣèlérí pé ìdá 15 nínú 100 ìṣúná àwọn á máa lọ sí ìlera. Nàìjíríà tó gbà wọ́n lálejò kò tíì dé ibẹ̀ rí.

Màmá ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Ó ń lọ sí físíò. Ọwọ́ ọ̀tún kò tíì lè di aṣọ, nítorí náà ó ń jókòó, ó ń sọ fún àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ bí wọ́n á ṣe ṣe é, wọ́n sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa. Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tí mo kọ kẹ́yìn sínú ìwé aláró yẹn jẹ́ 142/88. Ọmọ rẹ̀ ló ń fi owó oògùn ránṣẹ́ láti Accra.

A ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan kan pẹ̀lú àwọn ìyá tó wà ní ìlà ìsọ̀ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Ògùn ní iléeṣẹ́ adójútòfò ìlera tirẹ̀, ọlọ́jà sì lè forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń dá wọn dúró ni pé owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà máa ń ga lójú wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń dá èsúsú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìyá alájọ wọn ti gbà láti ya ojú ìwé kan sọ́tọ̀ fún un, kí ẹni tó bá fẹ́ máa dá owó ìlera díẹ̀díẹ̀ mọ́ èsúsú rẹ̀, kó sì lọ san án fún wọn nígbà tó bá pé. Orúkọ Màmá ló kọ́kọ́ kọ síbẹ̀. Àwọn tó ń ná Kútọnu àti Lomé nínú wọn bi mí pé ṣé káàdì náà máa ṣiṣẹ́ fún àwọn níbẹ̀. Mo sọ òtítọ́ fún wọn pé kò ní ṣiṣẹ́. A ti fi ìyẹn kún lẹ́tà tí à ń kọ sí àwọn aṣòfin wa, a sì so ọ̀rọ̀ káàdì mọ́tò ti 1982 mọ́ ọn, kí wọ́n lè rí i pé ohun tí à ń béèrè kò ṣàjèjì.